Ọ̀rá tó bọ́ sódò, edé tó wà lórí atẹ

  

Lónìí, ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ọjà ló pàdé ara wọn. Ìyá kan tó ń ta edé gbígbẹ ló gbé e wá bá wa. Ó ní òun ń wọn edé fún oníbàárà lọ́jọ́ ọjà, ni òun bá rí fọ́nrán aláwọ̀ búlúù kan láàárín edé. Òun fà á jáde. Òun tún rí òmíràn, tó tín-ín-rín bí irun orí. Oníbàárà ń wò ó. Ó ní, "Ìyá, kí lèyí?" Ìyá dáhùn pé okùn àwọ̀n ni. Oníbàárà kò sọ nǹkan kan, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó kọjá síwájú atẹ ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn ìyá kò ti balẹ̀. Ó bi wá pé: ṣé edé òun ti ní àrùn ni? Ṣé kí òun má tà á mọ́ ni? Owó edé yẹn ni ọmọ mẹ́ta fi ń lọ sílé ìwé.

Ìyá, a gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú omi, ká tó padà wá sórí atẹ yín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa wí pé ọ̀rọ̀ òkun kò kàn wọ́n, pé òkè olókùúta ni wọ́n ń wò ní Ṣábẹ̀ẹ́, kì í ṣe ìgbì òkun. Ẹ gbọ́ ná. Odò Ọ̀kpárá tó wà ní ìlà oòrùn Ṣábẹ̀ẹ́, inú odò Ouémé ló ń bọ́ sí. Ouémé yìí kan náà ló gba ìwọ̀ oòrùn Kétu kọjá, tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀ àbàtà tó wà lókè Àjàṣẹ́, tó sì ń da omi rẹ̀ sínú adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Láti Nokoué, omi gba ojú ọ̀nà tí àwọn Faransé gbẹ́ la Kútọnú já ní 1885, ó di inú òkun. Nítorí náà, ọ̀rá tí ọmọ yín fi ra gúgúrú lẹ́bàá gọ́tà ní Kétu, tó jù sílẹ̀ lóṣù Kẹjọ, òjò lè gbé e dé etí òkun kí ọdún tó parí. Láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, nígbà tí Ouémé bá kún, kì í ṣe omi nìkan ló ń gbé bọ̀. Ẹni tó bá ti dúró sí etí Nokoué nígbà náà ti rí i: ìgò ike, bàtà ọmọdé, sàsé omi mímu, gbogbo rẹ̀ á máa léfòó lọ bí ẹni ń lọ sọ́jà.

Èyí tí ojú rí kọ́ ló kàn wá jù lónìí o. Èyí tí ojú kò rí ni.

Ewé tíìkì tí a fi pọ́n àkàsà, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, ikán á jẹ ẹ́, ìdin á jẹ ẹ́, ó di ilẹ̀. Ọ̀rá kò ní ẹni tí ń jẹ ẹ́ tán. Oòrùn ló ń sá a. Bí oòrùn bá ti sá a pẹ́, ó á gan, á máa fọ́. Ẹ wá bídọ́ọ̀nù kan tó ti pẹ́ lẹ́yìn ilé, ẹ fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun lọ́wọ́ yín. Tàbí kí ẹ mú ọ̀rá tó ti wà nínú oko láti ọdún mélòó kan, kí ẹ rà á láàárín ọwọ́ méjèèjì: á fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ewé gbígbẹ. Àwọn kan á ní, "Ẹ wò ó, ó ti jẹrà." Rárá o. Kò jẹrà. Ẹyọ kan ló di ẹgbẹ̀rún. Ike ṣì ni ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan.

Nínú omi, ìgbì àti iyanrìn ń bá oòrùn ṣiṣẹ́ náà. Ẹ̀rún tó bá ti kéré ju mìlímítà márùn-ún lọ, ìyẹn ni pé tí kò tó wóró àgbàdo kan, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní mikroplástíìkì. Àwa á máa pè é ní ẹ̀rún ike. Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń di ẹ̀rún. Àwọ̀n ẹja tí àwọn baba wa fi òwú hun, náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń hun ún báyìí. Táyà zémìjàn ń họ lórí títì, òjò ń fọ ohun tó họ lọ. Aṣọ pọliẹ́sítà tí a ń fọ̀ létí odò ń jábọ́ ní fọ́nrán fọ́nrán. Òmíràn tilẹ̀ wà tí kò sí ohun tó fọ́ ọ, kékeré ni wọ́n ṣe é láti ilé iṣẹ́: hóró ike tí wọ́n máa ń yọ́ láti fi ṣe ike àti bídọ́ọ̀nù. Ní 2021, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní X-Press Pearl jóná nítòsí Kòlóńbò ní ilẹ̀ Siri Láńkà, hóró bẹ́ẹ̀ tó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1,680 ló wà nínú ẹrù rẹ̀. Ó bo etíkun wọn bí yìnyín.

Ó dáa. Ta ni ẹ̀rún yìí wá ń ṣe ní jàǹbá nínú omi? Ẹ bu omi òkun sínú ìgò tó mọ́, ẹ gbé e sókè sí oòrùn. Ẹ lè rò pé omi lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, tí omi ń gbé kiri torí wọn kò lágbára láti lúwẹ̀ẹ́ lòdì sí i. Plankton lorúkọ wọn. Àwọn kan jẹ́ ewéko tí ojú kò lè rí, tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ bí àgbàdo ti ń ṣe. Nǹkan bí ìdajì atẹ́gùn rere tí gbogbo ewéko ayé ń mú jáde, ọwọ́ àwọn wẹ́wẹ́ yìí ló ti ń wá. Àwọn yòókù jẹ́ ẹranko kékeré tó ń jẹ ewéko náà. Ṣáwá ń fi ìjàgbọ̀n rẹ̀ sẹ́ wọn nínú omi bí a ti ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Ẹja ńlá á wá jẹ ṣáwá. Àwa náà á gbé ìkòkò kaná. Bí a bá ṣí ìdérí ọbẹ̀ wa, tí a sì tọ ipa rẹ̀ padà sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ plankton la máa bá a.

Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rún ike ti dé àárín plankton nípasẹ̀ iṣẹ́ kan tó wú mi lórí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Láti 1931 ni àwọn ọkọ̀ oníṣòwò ti ń fa ẹ̀rọ kan lẹ́yìn ní òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ sílíkì gígùn kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń ká ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, plankton á máa lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ń tọ́jú aṣọ wọ̀nyí bí ìyá àgbà ti ń tọ́jú aṣọ òkè sínú àpótí. Nígbà tó yá, ọ̀gbẹ́ni Richard Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Plymouth padà lọ ṣí àpótí náà. Wọ́n mú aṣọ tí wọ́n fà láàárín Sìkọ́tíláǹdì àti Áísíláǹdì, wọ́n wo ti àwọn ọdún 1960, wọ́n wo ti ìgbà tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rún ike wà láàárín plankton, ó sì pọ̀ sí i ní àwọn ọdún 1980 àti 1990 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n gbé èsì náà jáde ní 2004. Ẹni tó tọ́jú aṣọ ní 1960 kò mọ̀ pé ẹ̀rí ni òun ń tọ́jú.

Ẹranko kan wà láàárín plankton tó jẹ́ ìbátan edé, kò tó wóró ìrẹsì. Copepod ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gbé e sínú omi, wọ́n fún un ní oúnjẹ rẹ̀, wọ́n sì da ẹ̀rún ike roboto tó kéré púpọ̀ mọ́ ọn. Ẹranko náà jẹ ike. Ó wá ń wá oúnjẹ tó kéré, ó ń fi tó tóbi sílẹ̀, débi pé agbára tó rí látinú oúnjẹ dín ní nǹkan bí 40 nínú 100. Nígbà tí ọjọ́ ń lọ, ẹyin tó ń yé ń kéré, èyí tó ń pa nínú ẹyin náà sì ń dín kù. Èsì yìí jáde ní 2015. N kò ní purọ́ fún yín: ike tí wọ́n dà sínú omi náà pọ̀ ju èyí tó wà nínú òkun lọ. Ìdánwò ni. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan hàn wá. Kì í ṣe májèlé ni ike fi ṣe ẹranko yẹn ní jàǹbá. Oúnjẹ rẹ̀ ló dín kù, ikùn rẹ̀ sì kún. Ẹ wo ọmọ tó ń mu omi ìrẹsì lójoojúmọ́ dípò oúnjẹ, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ̀yin aládé, ibi tó kàn yín rèé. Edé ńlá inú Nokoué àti ti ọ̀sà Àjàṣẹ́, inú òkun ni ìyá rẹ̀ ń yé ẹyin sí. Ọmọ tó bá pa, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, omi ló ń gbé e kiri. Plankton ni òun náà nígbà yẹn. Omi á gbé e gba Kútọnú wọlé sínú ọ̀sà, á dàgbà níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà á padà sókun lọ yé tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni edé ń gba ojú ọ̀nà omi Kútọnú yẹn kọjá, nígbà tó wà ní jòjòló àti nígbà tó dàgbà. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an sì ni ìdọ̀tí gbogbo wa ń gbà jáde. Ọ̀nà kan, èrò méjì.

Ṣé torí ẹ ń gbọ́ èyí lẹ máa wá sọ pé ọ̀rá ló lé ẹja kúrò lómi wa? Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún yín ti bù mọ́ ọn. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tó ń kó ọmọ edé kí ó tó dàgbà ń bẹ. Apẹja ti pọ̀ ju tàtijọ́ lọ. Ìgbẹ́ àti omi ẹlẹ́gbin ìlú ń wọ ọ̀sà. Ẹ̀rún ike bá àwọn wọ̀nyí nílẹ̀ ni, ó sì tún di ẹrù lé orí ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a lè yí àwọ̀n padà lọ́dún kan, a lè dá ọjọ́ tí a kò ní pẹja, ṣùgbọ́n ẹ̀rún tó ti wọ omi kò ṣeé kó jáde. Kò sí asẹ́ tó máa sẹ́ òkun tí kò ní kó plankton náà dànù.

Ó wá ku ara èèyàn. Mo mọ̀ pé ibi tí ẹ ń dúró dè mí nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé wo ọ̀rọ̀ ẹ̀rún ike inú omi mímu ní 2019, wọ́n ní ìwọ̀n tí wọ́n rí nígbà náà kò jọ pé ó léwu fún ara, ṣùgbọ́n pé ìwádìí kò tíì tó, kí wọ́n wádìí sí i. Wọ́n sì ń wádìí. Ní 2024, àwọn dókítà ilẹ̀ Ítálì gbé èsì kan jáde. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn aláìsàn tí ọ̀rá ara dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn wọn, wọ́n sì yẹ ohun tí wọ́n kó jáde wò. Nínú 257 tí wọ́n ṣọ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, 150 ló ní irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá ọjà nínú iṣan wọn. Nínú 150 yìí, 30 ló ní àìsàn ọkàn òjijì tàbí rọpárọsẹ̀, tàbí tó kú. Nínú 107 tí kò ní irú ike bẹ́ẹ̀, 8 péré ni. Èyí kò tíì sọ pé ike náà ló fà á. Ó lè jẹ́ pé ohun mìíràn ń bẹ nínú ìgbésí ayé wọn. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ kó fi ọwọ́ dà á nù. Kò sì sọ pé ẹja ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. À ń fà á símú nínú eruku, à ń mu ún nínú omi ìgò, à ń jẹ ẹ́ nínú oúnjẹ gbígbóná tí wọ́n bù sínú ọ̀rá.

Torí náà, ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí yọ edé àti ẹja kúrò nínú abọ́ ọmọ yín o. Ọmọ tó ń jẹ ẹ̀kọ láìsí ẹja, àìsàn tirẹ̀ kò ní pẹ́ kó tó hàn, a mọ orúkọ rẹ̀, a sì ti sin ọmọ nítorí rẹ̀ rí. Inú ìfun ẹja ni púpọ̀ ẹ̀rún ike máa ń wà. Ẹja tó bá ṣeé la nínú, ẹ là á, ẹ kó ìfun rẹ̀ dànù, ẹ má fi jẹ adìẹ. Edé ńlá tútù ní okùn dúdú kan lẹ́yìn, ìfun rẹ̀ ni, ẹ fi ẹ̀gún tàbí ọ̀bẹ fà á yọ. Edé wẹ́wẹ́ àti ṣáwá kéékèèké kò ṣeé là, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, Ìyá, ẹ jẹ́ ká padà sórí atẹ yín. Nígbà tí ẹ̀yin àti èmi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo bi yín ibi tí ẹ ń sá edé sí. Ẹ ní orí báàṣì ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní tapólì. Mo ní irú àwọ̀ wo? Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ wá ní, "Búlúù." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Báàṣì tó ti lo ọdún mẹ́rin nínú oòrùn, tí a ń fi ọwọ̀ gbá edé lórí rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, òun fúnra rẹ̀ ti ń di ẹ̀rún. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ okùn àwọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé inú àgbàlá yín ni fọ́nrán yẹn ti wá. Ẹ̀rún tí edé jẹ nínú omi kò lè hàn sí oníbàárà lójú lásán. Èyí tó hàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwa la fi kún un lórí ilẹ̀.

Ìròyìn rere nìyẹn, bí ẹ bá rò ó dáadáa. Kò sẹ́ni tó lè fọ òkun, ṣùgbọ́n báàṣì ṣeé pààrọ̀. Ẹní tí wọ́n hun tàbí pẹpẹ igi tí a tẹ́ àwọ̀n irin lé lórí dára jù, afẹ́fẹ́ á tún gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, edé á yára gbẹ. Ẹ ní owó rẹ̀ ń kọ́? Mo mọ̀ pé báàṣì ló wọ́n kéré jù. Àwọn obìnrin tó bá ń sá edé pa pọ̀ lè dáwó jọ kan pẹpẹ kan, kí wọ́n máa lò ó ní ìyípo, bí wọ́n ti ń dá èsúsú. Títí dìgbà náà, báàṣì tó bá ti ń họ, ẹ yí i padà kí ó tó fọ́, kí ẹ sì fẹ́ edé nínú igbá kí ẹ tó gbé e lọ sọ́jà.

Ohun kan tún wà tó ń bí mi nínú, mo sì ti rí i lójú ara mi níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja: kí a máa fi ọ̀rá tan iná. Igi tútù kò gbà, a bá ju sàsé márùn-ún sí i, ó gbà wàì. Èéfín dúdú yẹn ń lẹ̀ mọ́ ẹja, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń koná àti ti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tibí yìí kò nílò kí dókítà kankan máa wádìí lọ mọ́. Èéfín ike ní májèlé. Ẹ fi èkùrọ́ gbígbẹ, ẹ fi háhá àgbàdo, ẹ fi ìṣáná àti sùúrù tan iná.

Nípa ti òfin, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fi òfin 2017-39 ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017 ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀: ṣíṣe é, kíkó o wọlé, títà á, lílò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sọ́jà, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lójú ọjà ju èmi lọ. Wọ́n lè gba ọ̀rá lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ata lónìí, kó tún rí i rà lọ́la. Ní tèmi, n kò rò pé orí ìyá aláta ló yẹ kí ẹrù òfin yìí gùn kọ́kọ́. Ẹni tó kó o wọlé ní páálí páálí mọ ohun tó ń ṣe. Ní àgbáyé pẹ̀lú, àwọn orílẹ̀-èdè ti ń jókòó lórí àdéhùn kan nípa ike láti 2022. Ìpàdé Busan ní 2024 tú ká láìfẹnu kò, ti Geneva ní 2025 náà tú ká bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n tó parí ìpàdé wọn, iṣẹ́ kékeré kan wà fún ẹgbẹ́ yín. Ẹ bu iyanrìn etí odò yín, ìkúnwọ́ mẹ́ta, ẹ sá a gbẹ. Ẹ po iyọ̀ sínú omi títí iyọ̀ kò fi ní yọ́ mọ́. Ẹ da iyanrìn náà sí i nínú ìgò ńlá tó mọ́, ìgò gilásì o, kì í ṣe ti ike, ẹ rò ó dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Iyanrìn á lọ sísàlẹ̀, ohun tó fúyẹ́ á léfòó. Ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ omi òkè rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀ bóyá koríko ni tàbí ike, ẹ ki abẹ́rẹ́ bọná kí ẹ fi kàn án: ike á ká jọ, á yọ́, koríko kò ní yọ́. Kí àgbàlagbà ló di abẹ́rẹ́ náà mú. Ẹ ka iye tí ẹ rí, ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ àti orúkọ odò yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó ka ti Ọ̀kpárá, a ó ka ti Ouémé, a ó ka ti ọ̀sà Àjàṣẹ́, lórí afẹ́fẹ́ níbí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní.

Ìyá aládé, ẹ pè wá bí ẹ bá ti ká báàṣì yẹn. Ó dàárọ̀ o.